Ọwọ́ Aláró Níwájú Pẹpẹ

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 51, 1 Jòhánù 1:5-10

Ẹ kú ìdìde o, ẹ̀yin ará. Ṣé dáadáa la jí? Ọpẹ́ ni fún ẹni tó jí wa láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Kùrukùrù ṣì bo orí Olúmọ bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn tó ń pe èrò Láfẹ́ńwá ti ń pariwo lójú títì, èmi náà ò sì ní pẹ́ gba Ìtòkú lọ ṣí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń yí mi nínú láti ìjẹta, mi ò fẹ́ kó tún di alẹ́ òní kí n tó sọ ọ́.

Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí. Ìyá tó bí ìyá mi, elú ni wọ́n fi ń rẹ aró, kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí a ń po sódà mọ́ háídírọ́ọ̀sì, tí a tún ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Wọ́n á gún elú, wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á dà á lé e, wọ́n á wá ní sùúrù títí ìkòkò á fi ṣe. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ki aṣọ bọ̀ ọ́. Bí Ara Olúwa bá máa wà lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á jókòó sẹ́yìnkùlé ní alẹ́ Sátidé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn àti ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á máa fọ ọwọ́ náà. Èmi ni mo máa ń bu omi sí i fún wọn. Omi aró á máa ṣàn lọ sínú gọ́tà, inú mi á máa dùn pé ó ń lọ, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè sí iná àtùpà, ó ṣì dúdú láti èékánná títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n á ní, “Ó tó, ọmọ mi. Èyí tó kù, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.”

Wòlíì Jeremáyà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní orí kejì ìwé rẹ̀, ẹsẹ 22: bí o tilẹ̀ fi eérú wẹ ara rẹ, tí o sì lo ọṣẹ púpọ̀, èérí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ṣì wà níwájú Olúwa. Eérú àti ọṣẹ! Bí ẹni pé wòlíì náà ti dé ẹ̀yìnkùlé wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń fi ìwàásù sọ.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, oníbàárà mi kan ní Ṣàgámù rán ọmọ tó ń bá a tajà wá ra àdìrẹ. Ọmọ náà kò tíì pé ogún ọdún, ó jẹ́ ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́, orúnkún méjèèjì ló fi kúnlẹ̀ kí mi. ₦40,000 ni ọjà náà. Owó tuntun ni ó kó wá, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn yẹn. Ó kà á, èmi náà kà á gààràgà nítorí èrò pọ̀, mo dì í lẹ́rù, ó lọ. Nígbà tó di alẹ́ tí mo ń ṣírò ọjà, ₦50,000 ni mo bá nínú ìdì náà. Mo tún un kà. ₦50,000 ni.

Mo mọ ẹni tó ni í. Nọ́ḿbà ọ̀gá rẹ̀ wà lórí fóònù mi. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ní Olúwa ti rí i pé ọjà kò tà lọ́sẹ̀ náà. Mo ní Olúwa tó fi ẹyẹ ìwò bọ́ Èlíjà ló bọ́ mi. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo yọ ìdá mẹ́wàá rẹ̀, ₦1,000, mo fi í sínú àpòòwé, mo jó lọ síwájú. Ẹ fojú inú wò ó: mo san ìdá mẹ́wàá lórí owó olówó!

Ẹ̀yin tí ẹ ti rẹ aró rí á mọ èyí. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò elú kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ó máa ń tutù lójú. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, títí yóò fi di aró gidi. Bẹ́ẹ̀ ni owó yẹn rí lọ́wọ́ mi. Ní alẹ́ tí mo kà á, ìbùkún ló jọ. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Dáfídì lò ní ìbẹ̀rẹ̀ Orin 51: ìrékọjá, àìṣedéédéé, ẹ̀ṣẹ̀. Ìrékọjá ni kí a rí ààlà kí a sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó. Àìṣedéédéé jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, òun ni wíwọ́ tó wà nínú igi fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbé e sí ni yóò máa tẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́? Róòmù 3:23 sọ ọ́ wẹ́rẹ́: gbogbo ènìyàn ló ti ṣẹ̀, tí wọ́n sì kùnà ògo Ọlọ́run. Mo máa ń ronú pé àdúrà òwúrọ̀ wa nílùú yìí kò bá Orin yìí mu rárá. A lè fi wákàtí kan gbáko gbàdúrà lórí ọ̀tá ilé àti ti òde, tí a bá wá dé orí ẹ̀ṣẹ̀ tiwa, “Olúwa, dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá,” ó ti parí nìyẹn, a ti bọ́ sórí owó. Ẹni tó ní “gbogbo” kò tíì dárúkọ kankan. Mo mọ̀, torí pé “gbogbo” ni mo ń wí fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò dárúkọ ₦10,000.

Òwe 28:13 ló mú mi. “Ẹni tí ó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì yóò ṣe rere: ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó jẹ́wọ́ tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ yóò rí àánú.” Mo kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan bí irú òní, n kò lè jẹun. Mo pe oníbàárà mi.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ₦10,000 yín wà lọ́wọ́ mi.”

Ó ní, “Èwo?”

Mo ní, “Èyí tí ọmọ yín kó wá lọ́jọ́ ọjà ọjọ́sí. Owó lẹ̀ mọ́ra. Mo rí i lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.”

Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà: “Háà, àǹtí. Mo ti lé ọmọ yẹn lọ. Mo ní ó fi owó mi ra bàtà. Ó fi ìyá rẹ̀ búra, mo gbá a létí.”

Ọjọ́ yẹn náà ni mo dá owó padà, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí Ṣàgámù. A jọ wá ọmọ náà dé ilé àwọn òbí rẹ̀. Ó kí wa, ó dáhùn, ó ní òun ti gbọ́, ó ní kò burú. Kò bá wa padà. Títí di àárọ̀ yìí, mo ṣì máa ń pè é, kì í gbé e.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́. Mo ti rò pé bí mo bá ti dá owó padà, ọ̀rọ̀ ti tán. ₦10,000 ṣe é dá padà. Ìgbátí yẹn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè ládùúgbò ńkọ́, lọ́wọ́ ta ni mo ti fẹ́ rí i rà padà? Ẹ̀ṣẹ̀ ti gbéra kúrò ní Ìtòkú láìsọ fún mi, ó ti dé ibi tí ọwọ́ mi kò tó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ohun tó bá ṣe é dá padà, ẹ dá a padà, kódà kí ẹ fi kún un. Ìlọ́po mẹ́rin ni Sákéù fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí. Mo kàn ń sọ pé ibì kan wà tí ìdápadà máa ń mọ.

Ìlú wa yìí mọ irú rẹ̀. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn, tí wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí àti ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú omi ní 1822, ó di èrò Sàró, ó di Samuel Ajayi Crowther. Abẹ́òkúta níbí ni ìyá rẹ̀ ti tún fojú kàn án ní 1846. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu, omijé nìkan ni. Ní 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. A máa ń yọ̀ tí a bá sọ ìtàn yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 25 ni! Ká ní ẹni tó kó Àjàyí lẹ́rú ronú pìwà dà, tó kó gbogbo owó tó gbà lórí rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èwo nínú ọdún náà ni yóò rí san fún ìyá yẹn?

Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹnu nìkan kò lè yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ní nǹkan gbọ́dọ̀ rù ú lọ, wọ́n ń pè é ní ètùtù. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n mú fún ohun tí àlùfáà ń ṣe nínú ìwé Léfítíkù. Ṣùgbọ́n ìwé Hébérù 10:4 ní kò ṣe é ṣe fún ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti ewúrẹ́ láti mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Bó bá ṣe é ṣe ni, ẹ̀ẹ̀kan ni wọn ìbá pa á, wọn kì bá ti máa tún un pa lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Jòhánù Onítẹ̀bọmi fi gbóná nígbà tó nàka sí Jésù létí Jọ́dánì: “Wò ó, Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run, ẹni tí ó kó ẹ̀ṣẹ̀ ayé lọ!” Ó kó o lọ. Títí kan èyí tó ti dé Ṣàgámù kí n tó mọ̀. Lórí àgbélébùú, wọ́n na ẹni tí kò jalè, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn arúfin. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní olè láìṣẹ̀ ní alábàákẹ́gbẹ́ níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ olè gan-an náà sì rí ibi dúró sí.

Ẹ wo Àìsáyà 1:18: bí ẹ̀ṣẹ̀ yín bá pọ́n bí àlàárì, wọn ó dàbí irun àgùntàn. Àlàárì! Aṣọ òkè pupa tí a mọ̀ sílé ni wọ́n pè é. Òjò-dídì tó wà nínú ẹsẹ náà ni mi ò mọ̀, ta ló rí i rí ní Ẹ̀gbá? Èyí tó bá mi lára mu jù ni ti Orin 51, níbi tí Dáfídì ti ní kí Olúwa wẹ òun, òun ó sì funfun ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ. Òwú tí aró kò tíì kàn rárá. Kò sí aláró tó lè dá aṣọ padà dé ibẹ̀.

Mo tún rántí ìyá àgbà. Tí wọ́n bá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, abẹ́ ìborùn ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ wọn pamọ́ sí, ojú ń tì wọ́n láàárín àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè gba Ara Olúwa láìtẹ́wọ́. Bó bá ti kàn wọ́n, wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ. Àlùfáà kò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ wá. Yóò gbé àkàrà funfun náà lé àárín àtẹ́lẹwọ́ aró yẹn: “Ara Olúwa wa Jésù Kristi, tí a fi fún ọ.” “Nígbà tí àwa jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀,” ni Róòmù 5:8 wí, “Kristi kú fún wa.”

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba wa, ṣàánú fún wa gẹ́gẹ́ bí ìṣeun ìfẹ́ rẹ. A kò wá ṣàlàyé, a kò wá di ẹ̀bi ru ọjà tí kò tà, tàbí ọkọ, tàbí ìyàwó, tàbí ìjọba. Àwa la ṣe é. (Ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbí, kí oníkálùkù dárúkọ tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, iye rẹ̀ gan-an, ẹni tí a ṣe é sí.)

Jésù Olúwa, ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń wẹ̀ wá nù kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo, wẹ̀ wá. A ti lo eérú, a ti lo ọṣẹ, a ti fi ọrẹ bò ó, a ti fi orin bò ó. A tẹ́wọ́ wa báyìí bó ṣe rí.

Ẹ̀mí Mímọ́, ẹni tó ń ka èyí tí nǹkan oní-nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, má jẹ́ kó jẹun tán kó tó gbé e padà. Fún un ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn tí kò mọ̀dí rẹ̀ kàn lónìí, Olúwa, jókòó tì í.

Dá àyà tuntun sínú wa, Ọlọ́run. Bí a ṣe ń lọ sí Ìtòkú, sí Ìta-Ẹ̀kọ́, sí Àsẹ̀ró, sí ọ́fíìsì àti ilé ìwé, jẹ́ kí ọ̀pá tí a fi ń wọn aṣọ pé, kí kóńgò tí a fi ń wọn ìrẹsì kún. Bí owó bá lẹ̀ mọ́ra, là wá lójú ká rí i lójú ọjà, kó má di alẹ́.

Àti ọmọ yẹn, Olúwa. O mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ mi kò tó lọ́kàn rẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n dá lu ni kí ó kàn án. Bí mo bá pè é lónìí tó gbé e, fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Bí kò bá gbé e, jẹ́ kí n lè ní sùúrù fún un, bí ìwọ ṣe ní fún mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.