Nígbà Tí Wọ́n Ju Ọmọ Sókè Lórí Ìtàgé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ eré orí ìtàgé.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ kò ju èrò mi lórí Bring It On lọ, eré olórin tó dá lórí àwọn cheerleader, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó, tí wọ́n ń tàkìtì, tí wọ́n ń pariwo kí ara ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn lè yá gágá. Kí n má parọ́, eré ọmọdé ni mo pè é kí n tó wọlé. Mo káwọ́ lẹ́rán, mo fẹ̀yìn ti àga. Kò pẹ́ tí ọwọ́ kan náà fi bo ẹnu mi.

Àwọn géńdé mélòó kan fọwọ́ kọ́ra bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan gun orí ọwọ́ wọn, ó dúró ṣánṣán. Wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, ni wọ́n bá jù ú sókè fìà! Ó yí bírí lófuurufú, kò sí okùn kankan tó dè é mọ́ òrùlé, ó sì já sọ́wọ́ wọn, gbì. Bí ẹ bá jókòó níwájú, ẹ ó gbọ́ "gbì" yẹn lábẹ́ orin. Nínú eré, idà kì í mú, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹni tó kú ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jù sókè, wọ́n jù ú ni! Andy Blankenbuehler tó darí eré náà, tó sì to ijó rẹ̀, kó ojúlówó cheerleader mọ́ àwọn akọrin. Níbẹ̀ ló ti gba ọkàn mi.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Campbell ni olórí àwọn cheerleader ní ilé ìwé Truman. Wọ́n tún ààlà àdúgbò ilé ìwé pín, ó bá ara rẹ̀ ní ilé ìwé mìíràn, Jackson, níbi tí kò ti sí cheerleader kankan, àfi ẹgbẹ́ oníjó tí Danielle ń darí. (Ọkùnrin tó ṣaájú ariwo fún òǹwòran ní Yunifásítì Minnesota lọ́dún 1898, tí wọ́n máa ń pè ní cheerleader àkọ́kọ́, Johnny Campbell lorúkọ tirẹ̀ náà. Mo rẹ́rìn-ín sínú.)

Etí lèèyàn fi ń mọ ilé ìwé tó wà. Orin Truman ń dán bí ike, ti Jackson jẹ́ hip-hop tó ń ta kìì. Tom Kitt àti Lin-Manuel Miranda ló jọ ṣe orin náà, Amanda Green sì bá Miranda kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní rèé. Èémí kan ṣoṣo lèèyàn ní. Ẹni tó ń tàkìtì kò ráyè kọrin tó jinlẹ̀, nítorí náà orin á dákẹ́ kí ìfò lè bẹ̀rẹ̀, ìtàn á sì dúró sójú kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ti Danielle tiẹ̀ dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ọmọ yẹn, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó kọ́ Campbell lọ́gbọ́n. Ta ló ń gbọ́ tirẹ̀?

Bridget ni mo gbé lọ sílé lọ́kàn ní tèmi. Truman kò gbà á sẹ́gbẹ́, aṣọ mascot ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́, ìyẹn aṣọ ńlá bí ère tó dúró fún àmì ẹgbẹ́, tó sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Ó dé Jackson, wọ́n ní ó rẹwà.

Atlanta ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011. Ó dé St. James Theatre ní Broadway, ojúkò eré orí ìtàgé ní New York, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ó sì kógbá wọlé ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yàn án fún àmì ẹ̀yẹ Tony méjì, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn eré Broadway sí, ọ̀kan nínú wọn fún ijó. Ó tọ́ sí i.

Nínú ìdíje ìkẹyìn, Jackson pa òfin tì, wọ́n jó bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì pàdánù. Truman ló gbégbá orókè. Ife ẹ̀yẹ wà lọ́wọ́ Eva, ọmọbìnrin tó dìtẹ̀ mọ́ Campbell. Mo bojú wẹ̀yìn wo àwọn òǹwòran: kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.