Orí Dà? Ará Rọ́ṣíà Tó Sá Wọgbó Nínú The Sopranos

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń kọ eré tẹlifíṣàn, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Ìpín kan péré la fẹ́ tú wò nínú The Sopranos, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà lórí Tony Soprano, ọ̀gá ẹgbẹ́ ọ̀daràn: "Pine Barrens", ìkọkànlá nínú ọ̀wọ́ kẹta, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn HBO gbé jáde lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ọdún 2001. Terence Winter ló kọ ọ́, Steve Buscemi ló darí rẹ̀. Ẹ ti wò ó, n kò ní tún un rò. Ohun tí mo ń wí kò ju ọ̀kan lọ: ìbọn kọ́ ló gbé ìpín yìí ró, ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́ lódì ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rìmóòtù bẹ̀rẹ̀. Silvio, ọmọọṣẹ́ Tony, ló yẹ kó lọ gbowó lọ́wọ́ Valery, ará Rọ́ṣíà kan; àìsàn dá a gúnlẹ̀, Paulie àti Christopher, ọmọọṣẹ́ Tony bíi tirẹ̀, lọ dípò rẹ̀. Ilé ló kù kí wọ́n máa lọ, Paulie bá mú rìmóòtù onílé, ó fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ dìjà, ìjà di fífún lọ́rùn, "òkú" wọ bùútù ọkọ̀. Wọ́n gbé e dénú igbó, "òkú" ò kú, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tó bà jẹ́ kò tó owó epo tí wọ́n sun dé inú igbó! Ká ní gbèsè ló dájà sílẹ̀, Paulie ì bá rí nǹkan wí níwájú Tony. Ta ni yóò fi rìmóòtù rojọ́ fọ́gàá? Ẹ̀yin tí ìbọn mẹ́ta máa ń dún kí orúkọ òṣèré tó kọjá tán lójú tẹlifíṣàn yín, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ó kan fóònù. Tony ti gbọ́ ìròyìn Valery lẹ́nu Slava, ọ̀gá Valery, ó ń sọ ọ́ fún Paulie tó wà nínú igbó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Tony ní ọkùnrin náà bá iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé (Interior Ministry) ṣiṣẹ́, òun nìkan pa ọlọ̀tẹ̀ Chechnya 16. Paulie yíjú sí Christopher: ó pa ará Czechoslovakia 16, iṣẹ́ ká máa ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ (interior decorator) ló ń ṣe. Christopher ní ilé tiẹ̀ ò kúkú jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Àwa òǹwòran ti kọ́kọ́ gbọ́ òótọ́. Bó bá ṣe pé àwa àti Paulie la jọ ṣì í gbọ́, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀. Iye ò yí: 16 ni, 16 ló kù, òun ni òpó tí wọ́n so àṣìgbọ́ mọ́. Christopher ò sì tún un ṣe, ṣe ló ń bá àṣìgbọ́ náà jiyàn. Bẹ́ ẹ bá túmọ̀ eléyìí ní olówuuru, ó kú. Ohùn ni kẹ́ ẹ wá: "Ará abẹ́lé ni." "Akunlé ni?" Orí àti ìdí bára mu, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé àárín jẹ. Àwa tó jẹ́ ohùn lásán ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ lára ọkọ̀, àwa ló tiẹ̀ yẹ kó ni irú àwàdà yìí.

Ibẹ̀ la dé tí bàbá kan fi nawọ́ lẹ́yìn: "Ọ̀gá, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà yìí o. Ògúnlọlá pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin, ibẹ̀ la ti rórúkọ. Wọ́n ní àwọn yìnbọn lu ará Rọ́ṣíà lórí. Orí dà?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Bàbá, orí ò dé. David Chase tó dá eré náà sílẹ̀ ò mú Valery padà títí eré fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2007. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ò gbàgbé rẹ̀: kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Tony sọ fún Paulie pé bí ará Rọ́ṣíà bá yọjú, ọrùn Paulie ló wà. Orí ò dé, ẹrù ti dé orí ẹnìkan. Ẹ̀yin oní "ẹ máa retí apá kejì", ta lẹ gbé tiyín rù? Òǹwòran tó ti sanwó ni.

Bàbá ní òun gbà, àmọ́ ìyàwó òun ò ní gbà.

Àsìkò ti lọ. Yìnyín ò sí nínú ètò wọn. Ó já bọ́, wọ́n lò ó. Aláṣẹ Essex County ní New Jersey kọ̀ kí wọ́n ya eré níbẹ̀, wọ́n gba Harriman State Park ní New York lọ. Bàtà Paulie bọ́ lẹ́sẹ̀ kan. Látìgbà náà, sísáré ti kúrò nínú ohun tí akọ̀wé lè fún un ṣe. Ebi: ketchup inú ọ̀rá ni wọ́n ń lá. Ẹ̀yin ọmọ ibi tí wọ́n ti ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ, ẹ gbọ́? Ti Gloria, àlè Tony, tó sọ ẹran lù ú, a ò ráyè.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ojú ewé mẹ́ta, èèyàn méjì, fóònù kan tó ń já láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, iye kan tí kò yí. Kò gbọdọ̀ síbọn níbẹ̀. Ẹni tó bá fi síréènì ọlọ́pàá parí tiẹ̀, kó má wulẹ̀ fi ránṣẹ́.