Igi Tó Sunkún Lọ́jọ́ Jímọ̀

Àsàlámù àláékúmù, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ fún Ànọ́bì wa. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó ń gbóná lọ́kàn mi.

Lóru Àtàláátà, a ń bọ̀ láti Òǹdó. Agbégilódò mẹ́sàn-án ni mo kà tó já sí títì láti ọ̀nà J4, ìlú kan nínú igbó ọba ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sí èyí tó tan iná ẹ̀yìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìtí ìrókò méjì péré ti tó láti kún ọkọ̀. Tínínrín ni gbogbo èyí tí mo rí yìí, ọwọ́ mi á ká a. Àwọn àgbà igi ti tán, ọmọ ni a ń pa.

Igbó Omo nìyẹn o, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí UNESCO náà fọwọ́ sí ní 1977. Erin ṣì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn kan ń gégi láìgbàwé, àwọn kan ń ro igbó náà fún oko kòkó.

Ìtí ọ̀pẹ dàbínù kan ni Ànọ́bì wa máa ń fara tì bó bá ń ṣe kùtúbà, ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀. Obìnrin ará Mẹ̀dínà kan ní òun ní ẹrú tó mọ iṣẹ́ káfíńtà, ṣé kó kan mínbárì, àga ìwàásù, fún un? Ó kàn án. Igi ibì kan tí wọ́n ń pè ní al-Ghabah ló lò. Igbó ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. (Kò sẹ́ni tó ní igi gígé léèwọ̀.) Jímọ̀ dé, Ànọ́bì kọjá lára ìtí, ó gun mínbárì. Ìtí bú sẹ́kún bí ọmọdé, gbogbo ìjọ gbọ́ ọ. Ànọ́bì sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ìtí ń kérora bí ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún, títí ó fi dákẹ́. Ànọ́bì ní ìrántí Ọlọ́hun tó máa ń gbọ́ ló ń sunkún sí. Jábírù, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, ló ròyìn rẹ̀, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari.

Igi gbígbẹ nìyẹn. Tútù ńkọ́?

Ànọ́bì yìí kan náà ló ní ẹni tó bá gé sídírì, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù láṣálẹ̀, Ọlọ́hun á dorí rẹ̀ kodò sínú iná. Abu Dawud, onímọ̀ tó kó hádíìsì náà sínú ìwé rẹ̀, ṣàlàyé pé èyí tó ń ṣíji bo arìnrìn-àjò àtẹran nínú aginjù ni, tí ẹnìkan wá fi àbòsí gé. Alájì onígẹdú, ṣé o gbọ́? Ìwọ lo fi pákó ṣe sàráà fún òrùlé mọ́ṣáláṣí wa, a sì ṣàdúà fún ọ títí ẹnu fi ń bó wa. Igi tó lè sunkún, ṣé o rò pé kò ní lè jẹ́rìí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀?

Èmi náà ò mọ́. N kò bi káfíńtà mi léèrè ibi tó ti ń rí igi rí.

Lẹ́yìn ìrun òní, mò ń lọ bá alájì nílé. Ẹ bá mi tọrọ sùúrù lọ́wọ́ Ọlọ́hun.