Àlọ́ Tí Àwọn Ehoro Ń Pa: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Fíìmù Watership Down

Alága, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù yìí, ẹ fara dà á fún àwọn tí kò tíì wò ó. Ọdún 1978 ló jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Martin Rosen ló darí rẹ̀. Ìwé tí Richard Adams gbé jáde ní 1972 ni wọ́n sọ di fíìmù, ìtàn tí bàbá ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì nínú mọ́tò lójú ọ̀nà jíjìn ló sì bí ìwé náà. Ẹ di èyí mú ṣinṣin: ẹnu ni ìtàn yìí ti wá.

Àlọ́ ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Frith, oòrùn tí àwọn ehoro ń pè ní Olúwa, dá ayé àti ẹranko gbogbo. Koríko ni gbogbo wọn jọ ń jẹ, kò sí ìjà. El-ahrairah, bàbá ńlá ehoro, wá bímọ títí ọmọ fi kún ilẹ̀, koríko sì ń tán lọ. Frith ní kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ níjàánu, ó kọ̀. Ni Frith bá pín ẹ̀bùn fún àwọn ẹranko. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba eyín àti èékánná, wọ́n sì ń pa ehoro jẹ. Nígbà tó kan El-ahrairah, ó ti ki orí bọ ihò, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ìdí náà ni Frith bù kún: ìrù funfun, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń sáré bí ìjì. Ta ló gbọ́ èyí nínú wa tí kò rántí ìdí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí págunpàgun?

Nínú ìwé, àlọ́ yìí kò sí níwájú. Dandelion, ehoro kan tó mọ àlọ́ pa, ló pa á nínú igbó, lóru, nígbà tí ó ti rẹ àwọn ehoro tí Hazel, olórí wọn, ń kó sá kúrò nílé nítorí ewu. Rosen gbé e wá síwájú. Àwọn tó máa ń ka irú àyípadà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, èmi àti wọn kò lè bára wa rẹ́. "Ààlọ́ o!" ni Rosen ké yẹn, kó lè gbọ́ "Ààlọ̀!" lẹ́nu wa. Ohun tó dùn mí ni pé ó yọ àwọn àlọ́ yòókù, irú bí èyí tí El-ahrairah fi jí ẹ̀fọ́ ọba.

Ẹ wo ìlú Cowslip, ìlú ehoro kan tí àwọn tó ń sá lọ yìí yà sí. Ara wọn ń dán, àgbẹ̀ ń da kárọ́ọ̀tì sílẹ̀ fún wọn, ẹnì kan kì í sì í béèrè ibi tí ará ilé rẹ̀ lọ. Nínú ìwé, nígbà tí Dandelion pa àlọ́ ẹ̀fọ́ ọba fún wọn, wọ́n yìn ín tìteríba-tìteríba, wọ́n ní àwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìtàn àtijọ́ mọ́. Ewì nípa ikú ni wọ́n ń ké. Kò pẹ́, wáyà tàkúté tí àgbẹ̀ yẹn dẹ há Bigwig, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Hazel, lọ́rùn. El-ahrairah ni ehoro tó mọ bí a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn tó pa ìtàn rẹ̀ tì kò lè sọ̀rọ̀ wáyà lójú ara wọn.

Alága ní ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Efrafa ńkọ́? Ìlú ehoro ológun ni, Woundwort ni olórí wọn, ẹ máa wò ó fúnra yín.

Màmá kan níwájú dìde. Wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, wò ó, kò sì sùn mọ́jú. "Ṣé fíìmù ọmọdé lẹ pe èyí?"

Ọ̀rọ̀ yín tọ́, mà. U ni àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Britain fún un ní 1978, pé tọmọdé tàgbà lè wò ó. Ní 2022 wọ́n sọ ọ́ di PG, kí òbí kọ́kọ́ rò ó wò. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Blackavar, ehoro Efrafa kan tí kò kú nínú ìwé, Woundwort pa á nínú fíìmù.

Mo bi màmá bóyá wọ́n jókòó tì í. Wọ́n ní ilé ìdáná ni àwọn wà.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mo ti ń sọ látàárọ̀ pé iwájú ni àyè àlọ́ yẹn. Ọmọ yìí gbọ́ àlọ́ níwájú, kò sì rí ẹni fara tì. Nínú igbó yẹn, ara àwọn ehoro kan ara wọn bí Dandelion ṣe ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ìwé fi àlọ́ náà sí ló dáa jù.

Màmá tún béèrè pé kí làwọn máa sọ bó bá bi àwọn níbo ni Hazel lọ nígbà tó kú níparí. Mo ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n gbé e jókòó sí ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn pa àlọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn fún un.