Àkànní Mẹ́ta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo jókòó ti máìkì lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ.

Láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1980, ọ̀pọ̀ òbí wa tó wá kàwé ní Bìrìtéènì ló gbé ọmọ fún òyìnbó tọ́. Bàbá ń ka ìwé òfin, ìyá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ni wọ́n rẹ́ǹtì, lánlọ́ọ̀dù ò sì fẹ́ ariwo ọmọ. Wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, ìdílé kan á gba ọmọ, wọ́n á máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo ṣe dé Kent nìyẹn ní 1971, ọmọ ọdún 3.

Mọ́mì tó gbà mí tọ́ ò tíì bímọ nígbà yẹn. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n bí ọkùnrin méjì, èmi làwọn yẹn sì bá nílé. Bí mi ò bá jẹ kárọ́ọ̀tì, kárọ́ọ̀tì á kù sínú abọ́ mẹ́ta. Màmá mi ti fi Vaseline sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fi pa mí lẹ́sẹ̀ tí mo bá wẹ̀ tán, kó má baà funfun. Àwọn méjèèjì á tò sẹ́yìn mi níhòòhò, wọn ò ní wọṣọ àfi tí wọ́n bá pa tiwọn náà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òbí mi á wọ rélùwéè wá láti Lọ́ńdọ̀nù, èmi á dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ táwọn àbúrò mi bá mi ṣe é, èyí àgbà nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 2, fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń wo àjà. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Oríkì mi ni wọ́n fi kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan: Àkànní, Àkànní, Àkànní.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún 11, ọmọ kíláàsì mi kan wà nílé wa nígbà tí wọ́n dé. Ojú tì mí. Mo nawọ́ sí bàbá mi pé ká bọ ọwọ́. Àbúrò mi àgbà ti fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ó wò mí, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, òun náà nawọ́. Àbíkẹ́yìn nawọ́. Bàbá mi bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Màmá mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n gbé oúnjẹ wọlé. Mi ò mọ̀ pé àwọn àbúrò mi lè kọ́ ìtìjú náà lára mi, kíá báyẹn. A ò dọ̀bálẹ̀ nínú ilé yẹn mọ́.

Lọ́dún tó kọjá la sin Mọ́mì. Màmá mi wá, nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Àbíkẹ́yìn wa, tó ti ń sún mọ́ 50, kúrò láàárín èrò, pẹ̀lú kóòtù òkú lọ́rùn, ó sì dojú bolẹ̀ lórí koríko tútù níwájú wọn. Mo dúró, mo ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo lọ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màmá mi gbọ́wọ́ lé wa lórí. Wọ́n ní, “Àkànní kẹta dà?”

Ó ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí.