Àwọn Ọlọ́dẹ Ńkọ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni lónìí, kò sí àlejò. Òjò ń rọ̀ ní Leeds bó ṣe máa ń rọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí mo ń wúkọ́, ẹ má dá a lóhùn, òun náà wà nínú ìtàn.

Fóònù ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa WhatsApp. Tí a bá ti kíra tán, ó dàárọ̀, Ọlọ́run á ṣọ́ wa, wọ́n á da ojú fóònù délẹ̀ sórí tábìlì, ó parí lójú tiwọn. Èmi ni mo máa ń pa á. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò tètè pa á, torí apá ọ̀tún mi ò ṣeé gbé. Mo bá gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀: "Ṣé kì í ṣe àrùn kògbóògùn ni ọmọ yìí ní, tó ń fi pa mọ́ fún wa?"

Ẹ jẹ́ kí n mu tíì díẹ̀.

Ó dáa. Àkóràn inú ìtọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ó gun kíndìnrín, ó di sepsis, ìyẹn ìgbà tí ara ń bá àkóràn jà débi tó fi ń ba ara ẹ̀ jẹ́. Áńbúláǹsì, ìyàrá pàjáwìrì, omi lápá méjèèjì, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Ọjọ́ kọkànlá, mo padà sílé. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó. Háà, mo jó! Gèlè ṣí, mi ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ijó yẹn, ìléròrò yọ níhà ọ̀tún mi, ó ń jóni bí epo gbígbóná. Shingles. Kòkòrò chickenpox tó mú mi ní praìmárì, tó ti ń sùn sínú iṣan ìmọ̀lára mi látọjọ́ yẹn, ló jí. Kí ìyẹn tó gbẹ, òtútù àyà dé. Mo tún dèrò ọsibítù. Ọjọ́ kejì tí mo tibẹ̀ dé ni Màmá mi sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́.

Ọsibítù àkọ́kọ́ ò sọ nǹkan kan fún mi. Dókítà kan ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ló jókòó tì mí. Ó ní nígbà tí sepsis ń jà, ara fúnra ẹ̀ ló ń yìnbọn káàkiri tó ń ba ara jẹ́, àwọn tó ń yìnbọn náà sì ń kú. Èmi wá rò ó sí Ìbàdàn. Ká ní ọgbọ̀n olè ya wọ àdúgbò lóru. Ilẹ̀ mọ́, olè ti sá, gbogbo èèyàn ń jó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ ti kú. Àwọn tó kù jókòó, ìbọn lórí itan, wọ́n ń wo ẹni tó ń jí adìẹ gbé lọ. Àwọn yẹn ni sẹ́ẹ̀lì T, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Àwọn kan tún wà, monocyte, tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé aṣọ olè sókè fáwọn yòókù rí. Ọwọ́ wọn ti rọ.

Ní 2011, àwọn dókítà ní St. Louis ní Amẹ́ríkà yẹ ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀fóró èèyàn 40 tí sepsis pa wò. Wọ́n ta àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ jí, agbára káká ni wọ́n fi dáhùn. Ẹni tí ò sì kú ńkọ́? Lọ́hùn-ún náà, nínú àwa mẹ́wàá tó bọ́, bíi mẹ́rin ló ń padà sí ọsibítù láàárín 90 ọjọ́, àkóràn sì wà lára ohun tó ń dá wa padà jù.

Mo ti gbọ́ yín. Ẹnì kan ń sọ pé, "Kí ló wá dùn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé ẹni tó ní HIV kì í ṣèèyàn ni?" Ẹ dúró. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn! Mo lọ́rẹ̀ẹ́ tó ti ń lo oògùn ẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Kòkòrò ọ̀hún ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, kò lè kó ran ẹni tó bá bá lò pọ̀, ara ẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Orúkọ àrùn kọ́ ló gún mi. "Tó ń fi pa mọ́ fún wa" ló gún mi. Èmi tí mo ń ka èsì àyẹ̀wò fún wọn níkọ̀ọ̀kan! Ẹ sì jẹ́ kí n gbèjà ìyá mi náà, torí wọn ò gọ̀. Ìléròrò, òtútù àyà, kíákíá báyẹn: wọ́n ti rí i lára àwọn ará ọjà wọn ní Dùgbẹ̀ láwọn ọdún 1990. Ọlọ́dẹ kan náà ni HIV ń pa. Màmá mi ò kàn mọ̀ pé nǹkan mìíràn lè pa àwọn ọlọ́dẹ ọ̀hún ni. Dókítà gan-an yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin alágbo, mo rí yín. Mo mu ún! Èyí tí wọ́n fi rán ẹnì kan ṣáájú bú sínú àpótí onítọ̀hún, ó rin gbogbo ẹ̀gúsí, obìnrin yẹn ò kí mi mọ́ dòní. Ṣùgbọ́n kò sí fáítámì tó ń ta ọlọ́dẹ jí lọ́sàn-án kan òru kan. Oṣù ló ń gbà. Wọ́n ń padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún àwọn kan, ó ń pẹ́ gan-an.

Ohun tí mi ò tíì sọ ni pé mo gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, mi ò pa á. Mò ń dúró kí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé rárá. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì mo pè, mo sọ ìtàn ọlọ́dẹ fún Màmá mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò lè gba àwọn mìíràn síṣẹ́ ni?" Mo ní inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń gbà wọ́n, Mà. Látìgbà náà, wọn ò béèrè àlàáfíà mi mọ́. "Àwọn ọlọ́dẹ ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà, Mà. Ó dàárọ̀, Ọlọ́run á ṣọ́ wa, wọ́n á da fóònù délẹ̀ sórí tábìlì.

Mo máa ń tètè pa á báyìí.