Ohùn létí, òkúta lẹ́sẹ̀: ìrìn mi nínú ìlú Sevilla

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe níwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn nìyí. Mo tún un tò fún kíkà, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Orí àtẹ̀gùn kan ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àtẹ̀gùn náà yí kàtídírà Sevilla ká, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì. Àwọn òpó òkúta tò sí etí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n irin nínípọn so òpó kan mọ́ èkejì. Íápíìsì wà ní etí mi kan, fóònù wà lọ́wọ́ mi, ohùn obìnrin kan sì ń sọ fún mi pé kí n gbójú sókè wo ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Giralda. Ó ní gíga rẹ̀ tó mítà 104. Ó ní kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ohùn náà dùn, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún mi nípa ibi tí ẹsẹ̀ mi wà. Gradas ni àwọn ará ìlú ń pe ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lu ènìyàn ní gbàǹjo, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú bí èmi àti ẹ̀yin.

Mo pa ohùn náà. Mo jókòó.

Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àlejò bá fẹ́ ríran, ọmọ onílé ló ń mú un rìn. Lónìí, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ọmọ onílé yẹn. O ó gba áàpù sórí fóònù, o ó yan ìlú tí ò ń lọ, o ó sì máa rìn bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣe lè gbé ọ. Bí o bá dé ibi tí wọ́n ti sàmì sí, GPS á mọ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé àsíá kékeré sókè níwájú yín pé kí ẹ yára. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, o lè jókòó. Bí ibì kan bá wù ọ́, o lè dúró níbẹ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, n kò wá síbí láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ ló ti bá ọ yan ibi tí wàá dúró sí. Ibi tó mú ọ kọjá láìdúró ni kí o wò dáadáa.

Kí n tètè sọ ti ìmúra. Ilé ni kí ẹ ti gba ohùn àti àwòrán ojú ọ̀nà sílẹ̀, torí àwọn òpópónà àárín Sevilla tóóró, ilé ga lọ́tùn-ún lósì, GPS sì lè sọ pé ẹ wà ní òpópónà kejì. Etí kan ṣoṣo ni kí ẹ dí. Tíráàmù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà gan-an, kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ààfin Alcázar sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ kò ṣeé rìn níbẹ̀ lọ́sàn-án. Oòrùn wọn máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Etí odò ni ìrìn tèmi ti bẹ̀rẹ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Guadalquivir ni orúkọ odò náà, èdè Lárúbáwá ló sì ti wá: odò ńlá. Àwọn Mùsùlùmí ṣèjọba ìlú yìí láti 712 títí Ọba Fernando Kẹta fi gbà á ní 1248, ó lé ní 500 ọdún. Ilé ìṣọ́ onígun 12 tó wà létí odò, Torre del Oro, àwọn Almohad, ìdílé ọba Mùsùlùmí tó ń ṣèjọba nígbà náà, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1220. Òkun jìnnà sí Sevilla, ó lé ní kìlómítà 80, ṣùgbọ́n odò yẹn gbé ọkọ̀ òkun dé ẹnu ọ̀nà ìlú. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Casa de Contratación sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1503, tí òfin sì ní ọkọ̀ tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà àti fàdákà tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sí Cádiz ní 1717.

Ohùn etí mi sọ ti wúrà, ó sọ ti fàdákà. Kò dárúkọ ìwé àṣẹ ọdún 1518. Lọ́dún náà, Ọba Charles fún ìjòyè rẹ̀ kan láṣẹ láti kó 4,000 ènìyàn láti Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà. Ìjòyè yẹn kò wọ ọkọ̀, kò ná kọ́bọ̀. Ó ta ìwé náà fún àwọn oníṣòwò, ó sì jẹ èrè rẹ̀. Tí mo bá ń kọ́ni ní ìtàn òwò ẹrú, orí ìwé pélébé yẹn ni mo máa ń dúró sí jù, torí ó fi hàn pé ẹnì kan lè jókòó sínú ilé kí ó sì ta ènìyàn tí ojú rẹ̀ kò rí rí.

Láti etí odò, ẹ óò rìn díẹ̀ kí ẹ tó kan Archivo de Indias, ilé olókè tó dojú kọ kàtídírà. Ìtàn ilé yìí àti ti àtẹ̀gùn yẹn so pọ̀. Orí Gradas ni àwọn oníṣòwò ti máa ń dúnàádúrà. Bí òjò bá rọ̀ tàbí tí oòrùn bá gbóná, wọ́n á kó òwò wọn wọnú ilé Ọlọ́run. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà fi ẹjọ́ wọn sun ọba. Felipe Kejì wá ní kí wọ́n kọ́ ilé ìṣòwò fún wọn, Juan de Herrera ya àwòrán rẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1584. Nígbà tó di 1785, Carlos Kẹta sọ ọ́ di ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà pamọ́ sí. Nǹkan bí 80 mílíọ̀nù ojú ìwé ló wà níbẹ̀, ti Kúbà kò gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àtẹ̀gùn. Ní 1565, wọ́n ka àwọn ará Sevilla: nǹkan bí 85,000 ni gbogbo wọn, ẹrú sì lé ní 6,000. Ẹ fi ojú inú wò ó. Nínú ènìyàn 14 tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà, ẹnì kan lè jẹ́ ẹrú. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n mú lójú ogun wà nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn dúdú pọ̀ gan-an. Àwọn ló ń pọn omi, àwọn ló ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn ló ń dáná. Ayàwòrán Diego Velázquez, tí wọ́n bí ní Sevilla ní 1599, kò tíì pé ogún ọdún dáadáa nígbà tó ya obìnrin dúdú kan nídìí iṣẹ́ ilé ìdáná, tó tẹrí ba díẹ̀, tí ìkòkò àti abọ́ wà níwájú rẹ̀. Ìlú rẹ̀ ló ń yà.

Ìgbà tí mo dìde, mo tún ṣí ohùn náà, mo sì tẹ̀ lé e dé Puerta del Perdón, ẹnu ọ̀nà àgbàlá ọlọ́sàn. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀. Ó ní kí n sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn mọ́sálásí àtijọ́ ni, lẹ́tà Lárúbáwá ṣì wà lára rẹ̀, àwọn Kristẹni sì ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láti ọjọ́ yìí wá. Giralda fúnra rẹ̀, ilé gogoro tí ládánì ti ń pe ìrun ni; wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1184, wọ́n parí rẹ̀ ní 1198, òkúta àwọn ará Róòmù ló wà ní ìdí rẹ̀, agogo ìjọ ló sì wà lókè. Kò ní àtẹ̀gùn, àfi díẹ̀ ní òkè pátápátá. Ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 35 ni ẹ óò gùn, torí wọ́n fẹ́ kí ẹṣin lè gbé ládánì dókè.

Ààfin Alcázar, ẹ fún un ní wákàtí méjì. Ọba Kristẹni ni Pedro Kìíní, àmọ́ nígbà tó fẹ́ kọ́ ààfin ní 1364, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Granada, ìlú Mùsùlùmí, wà lára àwọn tó pè. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sára ògiri, wọ́n sì kí i bíi kábíyèsí tiwọn: Súlútáànù Don Pedro.

Àdúgbò Santa Cruz ni ohùn náà ti yìn ìlú jù lọ. Ó pe òpópónà kékeré wọ̀nyẹn ní ti ayé àtijọ́. Òtítọ́ ni pé àwọn Júù ló ń gbé ibẹ̀, pé ní 1391 àwọn ènìyàn ya bo wọn, wọ́n pa púpọ̀, wọ́n sọ sínágọ́gù di ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n àwọn òdòdó àti ojúde kéékèèké tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ìlú ń múra fún ìpàtẹ ńlá ti 1929. Mo gbádùn rẹ̀. Ó kàn yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ni.

Ibẹ̀ ni ohùn náà ti dágbére fún mi. Mo fi fóònù sápò, mo sì gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Santa María la Blanca lọ sí ìlà oòrùn, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí kàtídírà, síbi tí mo tìtorí rẹ̀ wá.

Òpópónà kékeré kan ni. Orúkọ tó wà lára ògiri ni Conde Negro: Ìjòyè Dúdú.

Juan de Valladolid ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ènìyàn dúdú ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láàfin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1475, Ọbabìnrin Isabel àti ọkọ rẹ̀ Fernando fi ìwé yàn án ṣe olórí àti adájọ́ gbogbo àwọn dúdú Sevilla, ẹrú àti ọmọ bíbí. Bí wọ́n bá jà, òun ni yóò parí ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí ayẹyẹ, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nítòsí Sábó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: bí àwọn Hausa ṣe ní Sẹ̀ríkí tiwọn láàárín ìlú Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dúdú Sevilla ṣe ní i. Ẹ má sì gbàgbé pé ọba tó yàn án kò dá ẹrú kankan sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ilé ìjọsìn kékeré kan wà níbẹ̀, Capilla de los Ángeles, ojúkò ẹgbẹ́ kan tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena dá sílẹ̀ fún àwọn dúdú ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ṣáájú kí Columbus tó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 100 ọdún. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Los Negritos ni ìlú ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ lọ́dọọdún. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn báyìí. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa àwọn baba ńlá ẹgbẹ́: ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, owó ayẹyẹ Màríà kò pé, ọmọ ẹgbẹ́ dúdú kan tó ti gba òmìnira wá fi ara rẹ̀ dúró kí wọ́n lè rí owó yá. Èdè Yorùbá ní orúkọ fún ohun tó ṣe. Ìwọ̀fà ni. Ẹni tó ti mọ bí ẹrú ṣe rí, tó tún wá lọ ṣe ìwọ̀fà nítorí kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má tẹ́ láàárín ìlú. Mo ro ọ́ títí níwájú ilẹ̀kùn yẹn, omi sì bọ́ lójú mi.

Ọmọ ilé ìwé kan bi mí bóyá Yorùbá wà nínú wọn. N kò ní fi adùn pa irọ́ fún yín. Wolof àti àwọn ará etíkun Senegal àti Guinea ni wọ́n pọ̀ nínú àwọn dúdú Sevilla ayé ìgbà náà. Àwọn Potogí ló ń kó wọn wá. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn tiwa lọ sí Kúbà ní ọ̀pọ̀ yanturu, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọlá Sevilla ti wọmi. Àmọ́ okùn kan wà. Ní Havana, inú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo ni àwọn Lukumí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá ní Kúbà, ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń lùlù, tí wọ́n ti ń sin òkú ara wọn, tí orúkọ òrìṣà kò fi pa run lẹ́nu wọn. Fernando Ortiz, onímọ̀ ará Kúbà, tọ ipasẹ̀ cabildo yìí padà, ọ̀dọ̀ àwọn dúdú Sevilla àti Juan de Valladolid ló sì bá a dé. Àwọn Wolof yẹn kò mọ̀ wá, ṣùgbọ́n abẹ́ irú òrùlé tí wọ́n kọ́kọ́ pa ni àwọn ènìyàn wa sá òjò sí.

Ìyá olùkọ́ kan bèèrè pé kí wá ni kí ẹni tó ń lọ ṣe, nígbà tí ohùn orí fóònù kò bá sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní, Mà, ẹ gba tiyín sílẹ̀. Fóònù kan náà ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé nílé, ẹ dúró síbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti gba ti Gradas sílẹ̀ ní Yorùbá ní ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ariwo agogo wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò yọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn gbọ́ nínú gbọ̀ngàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú ìrìn. Ẹ má tíì gbójú sókè. Ẹ wo àtẹ̀gùn tí ẹ dúró lé."